Iná Èédú Nínú Yàrá Òròmọdìẹ: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí ní Ìkòròdú

Tí òjò oṣù Keje bá ti ń rọ̀, fóònù mi kì í sinmi. "Ìyá Aládìẹ, àwọn ọmọ adìẹ mi ń kú o." Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé iná ò sí, gílóòbù ò tàn, èédú ni wọ́n fi ń mú yàrá gbóná. Ohun tí ará Ìmọ́tà bi mí lánàá ni ará Odògùnyàn tún ń bi mí lónìí, ni mo bá jókòó kọ wọ́n sílẹ̀. Mi kì í ṣe dókítà ẹran. Adìẹ ni mo ń sìn, èédú sì ti jẹ mí níyà rí.

Ìkòròdú yìí kúkú gbóná. Ṣé dandan ni kí n dáná fún wọn?

Ẹ̀yin ló gbóná fún. Òròmọdìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú páálí kò tíì lè fi ara rẹ̀ mú ooru dúró; ohun tó bò ó lára, òwú lásán ni, kì í ṣe ìyẹ́. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru dìgíríì 32 sí 34 ló ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ òru oṣù Keje níbí máa ń wálẹ̀ dé nǹkan bíi 23. Àlàfo àárín méjèèjì ni ẹ ń fi iná dí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán oṣù Kẹta, tí páànù ń ké pàrà lórí ilé, ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ti tó 32. Ẹni tó bá tún gbé ìkòkò iná wọlé ní agogo méjì ọ̀sán yẹn, ọbẹ̀ ló ń sè.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ooru tó? Mi ò ní tẹmọ́mítà.

Ẹ rà á. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ dé, bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe ara ògiri níbi tí ojú yín dé. Ooru a máa gòkè. Ohun tí ẹ kà lókè kọ́ ni adìẹ ń rí nílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti pé, ẹ dín in kù ní dìgíríì 3, kí ẹ sì máa dín in bẹ́ẹ̀ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àmọ́ àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ni tẹmọ́mítà tí mo gbà gbọ́ jù. Ẹ wọlé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òru, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wò. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí sídìí iná, tí igbe wọn mú tí ó ń gún etí, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n ya apá sílẹ̀, tí wọ́n lanu, ooru pọ̀. Bí gbogbo wọn bá fì sí igun kan nígbà tí iná wà láàárín, atẹ́gùn ń wọlé láti igun kejì, ẹ lọ wá ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan sùn, tí ẹ ń gbọ́ ìkùnsínú wọn jẹ́jẹ́, ẹ padà lọ sùn.

Ẹ gbé ẹyọ kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ẹsẹ̀ náà bá tutù, ilẹ̀ ló tutù, ohun yòówù kí tẹmọ́mítà máa wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dá iná sílẹ̀ láti ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó kó wọn dé, kí èérún pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ lè móoru dénú.

Ìran kan ṣì kù tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Òròmọdìẹ fọ́n káàkiri dáadáa, ooru pé, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ jù, wọ́n ń tòògbé, ẹ kan àwo oúnjẹ wọn kò sí èyí tó yọjú. Ẹ má sọ pé wọ́n yó. Afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ti bàjẹ́.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pariwo afẹ́fẹ́ ṣáá? Tí mo bá ṣí fèrèsé, ooru á jáde, èédú á ṣòfò.

Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó bùrọ́ílà (adìẹ tí a ń sìn fún ẹran) 200, oṣù Keje náà ni. Mo fi náílọ́ọ̀nù dí gbogbo nẹ́ẹ̀tì yí ilé ká, mo tún ki àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìkòkò èédú mẹ́rin wà nínú ilé, tẹmọ́mítà ń wí 33 geerege, mo lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, 41 ti kú. Wọn ò gun ara wọn, wọn ò fara pa. Ńṣe ni wọ́n nà gbalaja síbi tí kálukú wà bí ẹni tó ń sùn. Àwọn tó kù ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Èmi tí mo wọlé lọ ṣa òkú wọn, mi ò tíì ṣa ogún tán tí orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Mo ti ń bínú sí ẹni tó tà wọ́n fún mi. Dókítà ẹran tí mo pè kò tilẹ̀ bẹ òkú kankan wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Mọ̀mí, ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé síbí?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Èédú kò lè dá jó, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Ẹ fojú inú wo àpótí afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga: kílò kan èédú á lo ọ́síjìn inú nǹkan bí 9 irú àpótí bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 9, nǹkan bí 30 irú rẹ̀ ló gbà. Kílò kan péré ti fẹ́ẹ̀ jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta, kí àwọn òròmọdìẹ tó mí tiwọn. Iná tí afẹ́fẹ́ ò sì kárí kì í jó tán. Á máa tú gáàsì kan jáde tó ń jẹ́ kábọ̀n mọ̀nọ́sáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dì mọ́, ó sì ń dì mọ́ ọn ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni náà ń mí, àyà ń lọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò rí nǹkan gbé.

Ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́kẹ̀ lé èédú ni pé kì í rú èéfín bí igi. Ó dáa, èéfín ni kì í rú, gáàsì yìí ló ń rú, ó sì ń rú u ju igi lọ. Iná búlúù kékeré tí ẹ máa ń rí tó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ẹ̀yinná, gáàsì náà gan-an ló ń jó níbẹ̀. Níbi tí eérú bá ti bo ẹ̀yinná, tí ẹ ò rí búlúù mọ́, ṣe ni ó ń jáde láìjó. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iná tó ti rọlẹ̀ kò ní ewu.

Èyí tí kò bá kú lóru lè san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bùrọ́ílà tí kò rí ọ́síjìn tó ní kékeré, ọkàn rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ àṣekú, ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sí i omi á gbá jọ sí i níkùn, ẹ ó sì máa wá oògùn kiri.

Nítorí náà, èédú tó bá afẹ́fẹ́ jáde kò ṣòfò. Owó afẹ́fẹ́ ni.

Ibo gan-an ni kí n ṣí?

Òkè. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń kan tapólì mọ́ òkè fèrèsé, tí a ó máa ká a sókè láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ń jẹ́ kí atẹ́gùn tútù bọ́ sára òròmọdìẹ tààrà. Ẹ dojú rẹ̀ kodò: ẹ kan ìsàlẹ̀ mọ́ pákó, kí okùn wà lókè, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tú ìró. Ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lókè, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ti mí tán á gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde, èyí tó mọ́ á gba ìkejì wọlé, á kọ́kọ́ bá ooru òkè pò kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lásìkò òjò, ìhà ọ̀sà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn ti sábà ń fẹ́ wá bá wa. Lóru ìjì, ẹ dín ẹ̀gbẹ́ yẹn kù sí ìka mẹ́ta, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì sí i. Ìgbà ọyẹ́, àríwá ló ń ti bọ̀, ẹ yí i padà. Ẹ má pa méjèèjì dé láéláé, bó ti wù kó tutù tó.

Tí ilé bá tóbi, ẹ fi tapólì pààlà igun kan fún wọn dípò kí ẹ máa mú gbogbo ilé gbóná, ṣùgbọ́n kí aṣọ ìpààlà náà má kan òrùlé.

Èwo ló dáa jù: èédú, gáàsì, gílóòbù tàbí igi?

Bí iná NẸ́PÀ bá ṣeé gbọ́kàn lé, gílóòbù ni. Kì í jẹ afẹ́fẹ́, kì í fi eérú sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ iná wa dé. Ooru inú kílò èédú kan tó ohun tí gílóòbù 250 wáàtì máa tú jáde fún wákàtí tó lé ní 30. Ìyẹn ló jẹ́ kí èédú ṣì máa tà.

Gáàsì rọrùn láti dín kù àti láti fi kún, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó ló ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò, èérún pákó yín á máa rin. Èédú kì í fi bẹ́ẹ̀ tú omi, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nínú oṣù Keje. Gáàsì náà ń jẹ afẹ́fẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó yọ.

Igi? Àyàfi tí páìpù bá wà tó ń gbé èéfín síta. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ omi ni. Omi ni ẹ̀ ń fi iná sè. Àjákù pákó tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ́, ẹ má dá a lábẹ́ òrùlé rárá.

Tí ẹ bá ń ra èédú, ẹ fi méjì kan ara wọn. Èyí tó jinná dáadáa á dún gan-gan bí àwo tánganran. Èyí tó dún pòpò, tó tún wúwo, òjò ti pa á létí títì, á rú èéfín.

Ṣé mo lè dá a sínú yàrá níbẹ̀?

Ìta ni. Ìgbà tí èédú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ló burú jù. Ẹ dá a sínú àdògán níta, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dúró tó nǹkan bí ìdajì wákàtí títí dúdú á fi tán lójú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á pọ́n yòò, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù tàbí táyà ràn án, ẹ má da kẹrosíìnì sórí ẹ̀yinná tó ti ń jó. Nígbà tó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má da èédú tútù lé e nínú yàrá. Ẹ ti dá òmíràn sílẹ̀ níta, kí ẹ fi pààrọ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, mo mọ̀.

Orí búlọ́ọ̀kù méjì ni kí ìkòkò jókòó, kí ẹ da iyanrìn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbá èérún pákó kúrò níbẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan yí i ká, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ṣọgbà fún un. Òròmọdìẹ kò gbọ́n tó láti bẹ̀rù iná.

Wẹ́dà kan ní Ṣábó ní òun lè fi dúrọ́mù ṣe sítóòfù tó ní páìpù fún mi. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ ṣe é tí ẹ bá ń kó tó 500 sókè. Òun ni mo ń lò báyìí, kò sì sí èyí tó dà bí i rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo ti dán wò, torí pé iná ń jó nínú irin, ooru ń ti ara irin bọ́ sínú yàrá, páìpù sì ń gbé gáàsì olóró síta. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti wẹ́dà yẹn nídìí iṣẹ́.

Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ti rọ sínú dúrọ́mù náà rí. Èyí tó gbé oògùn kòkòrò, ẹ má gbà á. Èyí tó gbé bẹntiróòlù lè bú gbàù bó bá fi iná gé e. Bó bá ti ṣe é tán, ẹ dáná ńlá sínú rẹ̀ níta, kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán, kí ẹ tó gbé e wọlé.

Páìpù gbọ́dọ̀ máa gòkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí apá kan bá tẹ̀ wálẹ̀, èéfín á dúró níbẹ̀. Kó má ṣẹ́ kọrọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kó yọ lórí páànù ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ àjà òrùlé. Gbogbo èéfín ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì padà wọlé. Níbi tí páìpù méjì ti pàdé, ẹnu tòkè ni kó wọ inú tìsàlẹ̀, torí ọ̀dà dúdú máa ń sàn wálẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òdìkejì, ògiri yín ló máa kùn. Kó jìnnà sí pákó tó ìwọ̀n ínṣì 18. Pákó òrùlé tó bá wà níbi tó máa gbà kọjá, ẹ gé e kúrò.

Páìpù kò ní kí ẹ wá di ilé pa o. Afẹ́fẹ́ yàrá ni dúrọ́mù ń fà síta. Bí òmíràn ò bá ríbi wọlé rọ́pò rẹ̀, inú páìpù ló máa gbà padà wá, òun àti èéfín.

Tèmi ti ní páìpù, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀, èéfín ń padà sí mi lójú.

Páìpù tó tutù kì í fa èéfín. Kí ẹ tó dáná, ẹ jó ìwé ìròyìn kan tàbí méjì sí ẹnu ibi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣá ìṣáná sí ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù: bí iná rẹ̀ bá fì wọnú, ó ń fà. Bó bá fì sí yín, ẹ ṣí fèrèsé òkè sí i kí ẹ tún un dán wò. Tí kò bá gbọ́, ẹ tú páìpù, ẹ gbọn ọ́n. Ẹ̀gbin dúdú èéfín ló máa ń kún inú rẹ̀. Lọ́dún kan, ìtẹ́ ẹyẹ ni mo bá níbẹ̀.

Ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ wọn máa ń sùn sínú yàrá náà kí iná má baà kú.

Ẹ lé e jáde lálẹ́ òní. Mi ò ṣeré. Kó sùn sí yàrá mìíràn, kó máa jí wá wò ó. Ẹ bi í bóyá orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, bóyá òòyì ń kọ́ ọ, bóyá èébì ń gbé e, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. A ó ní ibà ni, a ó ra oògùn ibà fún un. Ohun tí mo fi ń ṣèyàtọ̀ ni pé ara rẹ̀ kì í sábà gbóná, ó máa ń fúyẹ́ tó bá ti pẹ́ níta, tí ẹni méjì bá sì sùn síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa ń ṣe pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, tó máa ń ké bí gáàsì yìí bá pọ̀ nínú yàrá. Tí ẹ bá rí i rà, ẹ gbé e kọ́. Èyí tó ń ké fún èéfín lásán kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá dákú síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí a fún un ní epo pupa?

Epo pupa á lọ sí ikùn, ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì wà. Mílíìkì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti dákú, ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbayawu, ẹ di èémí yín mú, ẹ wọ́ ọ síta, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èédú ni, kí wọ́n lè tètè fún un ní ọ́síjìn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí bíi mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gbà kí ìdajì gáàsì yẹn tó kúrò lẹ́jẹ̀. Bí wọ́n bá ń fún un ní ọ́síjìn tó pọ̀, nǹkan bíi wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀.

Mà, ìyá ọkọ mi ní kí n gbé èédú sí yàrá nítorí ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé ti adìẹ kọ́ nìyí.

Má gbé e wọlé, ọmọ mi. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá màmá sọ ọ́, torí wọn ò parọ́: wọ́n ṣe é láyé ọjọ́un, ọmọ sì yè. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ṣe é, ògiri rẹ̀ kì í kan òrùlé, atẹ́gùn ń gba orí wọn kọjá. Yàrá tìrẹ ní sílíìnì, fèrèsé rẹ̀ gíláàsì ni, o sì tún ti í pa nítorí ẹ̀fọn. Dé ọmọ ní fìlà, wọ̀ ọ́ ní sọ́ọ̀sì, gbé e lé àyà rẹ kí ara kan ara, kí o fi aṣọ bo ẹ̀yin méjèèjì. Aṣọ tí kò gbẹ, lọ̀ ọ́.

Yàrá adìẹ mi ń ta mí lójú, bẹ́ẹ̀ èédú mi ò rú èéfín.

Amóníà nìyẹn, ìgbẹ́ wọn ló ń ṣe é, pàápàá tí èérún pákó bá rin tí ooru sì wà. Bí imú yín bá ti gbọ́ ọ, ó ti pọ̀ jù fún wọn, torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni imú tiwọn wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi dé ibi tí orí wọn dé, ẹ mí. Ẹ kó ibi tó rin kúrò yí ọpọ́n omi ká, ẹ da gbígbẹ sí i, kí ẹ ṣí òkè.

Ìgbà wo ni kí n gbé iná kúrò pátápátá?

Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pa á lọ́sàn-án, kí ẹ máa dá a lóru nìkan. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyẹ́ ti bo ẹ̀yìn wọn. Ẹ fi òru kan dán an wò láìdáná, kí ẹ jí wo wọ́n ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, ìgbà tí òtútù máa ń le jù. Bí ẹ bá bá wọn tí kálukú na ẹsẹ̀ síbi tó wù ú, kò sí iṣẹ́ fún èédú mọ́. Eérú tó kù, ẹ dà á sínú ihò níta, ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀yinná máa ń sùn sínú eérú di ọjọ́ kejì, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke mi méjì ló ti jó.